Ohun Mẹ́ta Tó Kan Àyà Vincent

Ohun mẹ́ta ló kan àyà Vincent lọ́jọ́ ìkórè ìjọ wa ní Igbodigo: òróró, ẹ̀rọ, àti ọwọ́ Mildred. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Ọlọ́run lò? Mo ti béèrè rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, mo ti béèrè rẹ̀ níbi tí mo ti ń ro oko ẹ̀gẹ́ mi, mi ò tíì rí ìdáhùn. Àwọn tó yára dáhùn pọ̀ nínú ìjọ. Èmi kò sí lára wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èmi ni akọ̀wé ìjọ. Èmi ni mo máa ń dìde lọ́jọ́ Ìsinmi láti ka ìkéde, ẹnu mi ni wọ́n sì máa ń wò.

Mildred ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èdè ilé wa ni èmi àti òun jọ ń sọ, ṣùgbọ́n Yorùbá tí a kọ́ ní ilé-ìwé ni mo fi kọ èyí kí ará ọ̀nà jíjìn lè kà á pẹ̀lú.

Tí ẹ bá dé ilé ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọjà Igbodigo, kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni nàka sí i fún yín. Ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ ó fi mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ náà kì í sinmi. Bó bá jókòó, á gbé ọwọ́ kan lé èkejì, á máa fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ tẹ orúnkún ara rẹ̀: tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀, láìdúró. Bó bá wà nídìí tábìlì, tábìlì ni á máa tẹ̀, ife omi á máa gbọ̀n. Ìyá rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Bàbá Akọ̀wé, ẹ bá mi gbàdúrà sórí ọmọ yìí. Ojú oorun náà ló ti ń tẹ ìrọ̀rí. Mo gbé Tófúnmi ọmọ rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí kó má tẹ ọmọ."

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ọmọ àgbẹ̀ ni. Bàbá rẹ̀ tó ti sùn nínú Olúwa gbin ẹ̀gẹ́, ó sì ní ọ̀pẹ díẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ṣe púpurú títí di òní. Ẹni tó kàn ń jẹ púpurú lè má mọ wàhálà tó wà nídìí rẹ̀. A ó rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí á fi rọ̀, a ó yọ okùn inú rẹ̀ dànù, a ó kó o sínú àpò, a ó tẹ omi inú rẹ̀ jáde, kí a tó ṣù ú roboto, kí a tó wá gbé e sókè iná kí èéfín gbẹ ẹ́. Nílé wọn, ìdí àpò ni wọ́n fi Mildred sí. Ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kó fi agbára apá nìkan tẹ̀ ẹ́.

"Apá á rẹ̀ ọ́ kí omi tó tán," ni ìyá náà máa ń wí. "Na ìgbọ̀nwọ́ rẹ. Ara rẹ ni kó tẹ àpò. Tó o bá ti tẹ̀ ẹ́, gbéra lórí rẹ̀ kó mí."

Nígbà tí àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí fi irin àti jáàkì ọkọ̀ tẹ ẹ̀gẹ́ tiwọn, ìyá rẹ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní irin ò mọ ìgbà tí àpò fẹ́ ya. Ìgbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún, òun náà ra irin. Mo bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ní, "Ìyá Mildred, irin tí ẹ bú ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. "Irin dáa, Bàbá Akọ̀wé. Àfi tí àpò bá ń yọ̀. Tí àpò bá ń yọ̀, ńṣe ló máa sá jáde lábẹ́ irin, tí ẹ óò máa tẹ pákó."

Ọ̀rọ̀ yìí kò já mọ́ nǹkan kan létí mi nígbà náà.

Mildred lọ kọ́ iṣẹ́ ìlera. Nígbà tó parí, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ra ọkọ̀ áḿbúláǹsì kan tí wọ́n gbé sí ọgbà ilé ìtọ́jú kan ní Okitipupa, wọ́n sì mú un pé kó máa wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà pẹ̀lú aláìsàn. Ẹni tó ń wà á ni Philemon, ọmọ Àyèká, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Láti Igbotako, láti Àyèká, láti ọ̀dọ̀ wa ní Igbodigo, àwọn méjèèjì ni wọ́n máa ń gbé àwọn tí nǹkan ṣe.

Mo bi í léèrè nígbà kan ohun tó ń ṣe fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dúró. Ó ní, "Bàbá, ọkàn ò yàtọ̀ sí pọ́ńpù. Tí iná bá lọ lára pọ́ńpù, ọwọ́ lẹ máa fi fa omi kí ilé má gbẹ. Bí a ṣe ń tẹ àyà nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ á máa lọ sí ọpọlọ díẹ̀díẹ̀ títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó lè dá iná padà." Ó ní nígbà tí olùkọ́ àwọn ń kọ́ àwọn, tó ní kí àwọn na ìgbọ̀nwọ́, kí àwọn fi ara tẹ̀ ẹ́, kí àwọn sì tú àyà sílẹ̀ kó mí, ẹ̀rín pa òun. Ó dà bíi pé olùkọ́ náà ti dé ìdí àpò ìyá òun.

Ó lè tẹ àyà nílẹ̀. Nínú ọkọ̀ tó ń sáré, ọ̀rọ̀ náà ṣòro. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà wa. Ẹni tó ń tẹ àyà kò lè de bẹ́líìtì. Á dúró, á tẹ̀ ba, orí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé ọkọ̀, kòtò á sì gbé òun àti aláìsàn sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Philemon á wo dígí, á ní, "Ìyá Tófúnmi, ṣé àyà lẹ̀ ń tẹ̀ ni àbí ẹ̀ ń jó?"

"Kòtò ni kó o máa bá ṣeré, fi mí sílẹ̀."

"Kòtò ló ń bá mi ṣeré, èmi kọ́."

Lọ́jọ́ kan, níbi tí ọ̀nà Àyèká ti yí, ewúrẹ́ kan já sójú títì, Philemon tẹ bíréèkì, Mildred sì lọ fi ẹ̀gbẹ́ orí gbá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kò bú Philemon. Ohun tó sọ fún mi ni pé, "Ìgbà tí mo fi wà nílẹ̀ yẹn, Bàbá, kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́. Àyà náà wà níbẹ̀, ó ń dúró dè mí." Ẹni náà kò yè é.

Lẹ́yìn èyí ni ọmọ ìlú kan tó ń gbé òkè òkun fi ẹ̀rọ ránṣẹ́. Pákó pẹlẹbẹ kan wà tí a ó fi sábẹ́ ẹ̀yìn aláìsàn. Apá méjì yọ láti ara rẹ̀, wọ́n pàdé lókè àyà bí ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà ọgbà, láàárín wọn ni irin kan wà tó ń lọ sókè sódò. Rọ́bà wà lẹ́nu irin náà, rọ́bà yìí á fa awọ àyà mú, kó má bàa yẹ̀ kúrò lójú ibi tí a gbé e sí. Bátìrì ló ń lò. Philemon ló sọ ọ́ ní Sájẹ́ńtì. Ó ní kì í rẹ̀ ẹ́, kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í gba àwáwí.

Mo rò pé Mildred á jowú rẹ̀. Kò jowú. Ó ní, "Mo jókòó, mo de bẹ́líìtì, ọwọ́ mi sì ráyè fún nǹkan mìíràn. Ọwọ́ Sájẹ́ńtì kì í tutù." Inú rẹ̀ dùn gan-an ni.

Ọjọ́ ìkórè wá dé.

Ìjọ Aládùúrà ni wá, aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán. Vincent, ẹni tó ń ta epo pupa ní ọjà, ni olórí akọrin wa. Ó ń darí orin ìyìn lọ́wọ́, àtẹ́wọ́ ti gbóná, nígbà tí mo rí i pé ó fi ọwọ́ òsì di àyà mú. Mo rò pé Ẹ̀mí ló bà lé e. Ó jókòó. Òógùn bò ó, ojú rẹ̀ rí bí eérú. Ó yọ́ sílẹ̀ lórí àga, wẹ́rẹ́, bí aṣọ tó bọ́ lórí okùn. Ó ń mí. Mo sá jáde, mo pe Mildred lórí fóònù.

Nígbà tí mo padà wọlé, Ìyá Àdúrà ti wà lórí rẹ̀. Ìyá Catherine ni orúkọ rẹ̀, òun ni olórí àwọn obìnrin aládùúrà wa, kò sì sí ilé kan ní Igbodigo tí kò tíì kúnlẹ̀ sí nítorí aláìsàn. Mi ò ní gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdára. Ó ti ṣí sùtánà Vincent títí dé ìdodo, ó ń da òróró ìyàsímímọ́ sí i láyà, ó ń fi pa á. Àwọn obìnrin yòókù gbé ìgò tiwọn wá. Báyìí ni a ṣe máa ń ṣe é. Níbi tó bá ń dùn ún ni a máa ń fi òróró pa. Gbogbo wa pariwo "Mímọ́!" Ohùn mi wà níbẹ̀.

Ọkọ̀ dé. Àwọn ọ̀dọ́ wa dí ẹnu ọ̀nà mọ́ Philemon tó di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tí a fi ń gbé aláìsàn mú.

"Bọ̀dá, ẹ bọ́ bàtà yín."

"Bàtà? Ẹni tó fẹ́ kú ni mo wá gbé, mi ò wá fẹ́ ìyàwó."

"Ilẹ̀ mímọ́ ni, Bọ̀dá!"

Mildred ti bọ́ tirẹ̀, ó ti wọlé. Ó kígbe láti inú, "Philemon, bọ́ ọ, jọ̀ọ́!"

Philemon fa ọ̀kan yọ, okùn èkejì ta kókó. Ó ní, "Ẹsẹ̀ kan ti di mímọ́, ẹ jẹ́ kí èkejì tẹ̀lé e wọlé!" Ó fi ẹsẹ̀ kan tiro wọ inú ilé Ọlọ́run. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ẹ̀rín fẹ́ pa mí, bẹ́ẹ̀ Vincent wà nílẹ̀.

Mildred kúnlẹ̀ tì í. Mo rí i tó fi ìka kan kan àyà náà, tó wo ìka ọ̀hún. Ó nawọ́ sí aṣọ ìnura tó wà nínú báàgì rẹ̀.

Ìyá Àdúrà wí jẹ́jẹ́ pé, "Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ nu àyà yìí díẹ̀, Mà."

"Òróró tí a ti gbàdúrà sí? Kó o nù ún nù?"

Ọmọ ìjọ ni Mildred. Òróró yẹn ni wọ́n fi ya òun fúnra rẹ̀ sí mímọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé, Ìyá Catherine yìí kan náà ló dà á sí i lórí. Ó wo ìyá náà, ó fi aṣọ ìnura padà sínú báàgì. "Kò burú, Mà," ló wí. Wọ́n gbé Vincent.

Mo wọ iwájú ọkọ̀ pẹ̀lú Philemon. Fèrèsé kékeré kan wà láàárín wa àti ẹ̀yìn, mo yíjú síbẹ̀, mi ò yí i padà mọ́. A ò tíì rìn jìnnà kúrò ní Igbodigo tí Mildred fi ké pe Vincent lórúkọ, tó tún un ké. Vincent kò dáhùn. Mildred na ọwọ́ sí ọrùn rẹ̀, ó dúró, ó ní, "Ọkàn rẹ̀ ti dúró. Philemon, ó ti dúró o! Máa lọ!"

Ó gbé pákó sábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó pa apá méjèèjì dé, ó tẹ bọ́tìnì. Sájẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ń lu àyà náà déédéé, Mildred sì jókòó, ó de bẹ́líìtì. Mo mí. Mo ní Ọlọ́run ṣeun.

Kòtò àkọ́kọ́, rọ́bà náà yẹ̀ díẹ̀. Kòtò kejì, ó yọ̀ lọ sísàlẹ̀. Òróró ti wọ abẹ́ rẹ̀, kò rí awọ fà mú. Kí Mildred tó tú bẹ́líìtì, irin ti kúrò lórí egungun àyà, ikùn Vincent ló ń lù. Vincent bì.

"Sájẹ́ńtì, Ọlọ́run máa bi ọ́ léèrè!" Mildred ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ó rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ó pa ẹ̀rọ, ó yí ojú Vincent sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó nu ẹnu rẹ̀, ó gbé rọ́bà padà sáyà. Ó tún yọ̀. Ìgbà yẹn ló wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ tó ń dán, ó sì mọ̀. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó mọ̀.

Ó ju ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó di etí sùtánà Vincent mú, ó fi nu àyà náà, ó nù ún, ó nù ún, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́, ó na ìgbọ̀nwọ́, ó bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá Akọ̀wé! Àtẹ́wọ́ orin ìyìn wa! Ẹ pa á fún mi, kí n má bàa sáré jù!"

Mo pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo máa ń pàtẹ́wọ́ fún Ọlọ́run, mo ń pa á fún ọwọ́ ènìyàn. Mo fẹ́ gbàdúrà sí i, ọ̀rọ̀ ò wá. Àtẹ́wọ́ nìkan ló wá. Philemon kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan, ó ń yà fún kòtò bí ẹni tó gbé ẹyin. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó ẹyìn kún wá dúró lójijì níwájú wa. Bíréèkì ké. Mildred fò, èjìká rẹ̀ kan irin ìjókòó, mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti iwájú. Ó dìde. Ó padà sórí àyà náà pẹ̀lú omijé lójú, apá òsì rẹ̀ kò sì nà tán mọ́. Àtẹ́wọ́ mi ò dá.

Ní ilé ìwòsàn ní Okitipupa, wọ́n fi ẹ̀rọ iná ta àyà Vincent. Wọ́n ta á, wọ́n tún un ta. Ọkàn rẹ̀ dáhùn.

Nígbà tó yá ó padà sílé, egungun ìhà ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó ń jẹ, ó ń bú ìyàwó rẹ̀ nítorí iyọ̀ ọbẹ̀. Ó wá sí ìjọ láti dúpẹ́. Ó jó. Ó gba ìgò lọ́wọ́ Ìyá Àdúrà, ó gbé e sókè, ó ní, "Ẹ̀yin ará, òróró ló jí mi!" Ilé mì. Èmi náà dìde. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí Mildred lórí ìjókòó ìkẹyìn, wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́rùn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń tẹ ẹ̀yìn àga iwájú rẹ̀, tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mildred gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo lọ bá a lẹ́yìn ìsìn, mo ní kí ló dé tí kò jẹ́rìí. Ó ní, "Kí ni kí n sọ, Bàbá? Kí n ní òróró fẹ́ pa á? Lójú Ìyá Àdúrà? Ẹni yẹn ti yè. Ẹ jẹ́ kó jó."

Ẹ̀rí Vincent rìn kiri ilẹ̀ wa. Kò sí ilé Aládùúrà kan tí ìgò òróró kò tíì sí lórí àga ẹnu ọ̀nà. Wọn kò tún dúró de ibi tó ń dun ènìyàn mọ́. Àyà ni, kíá, kó pọ̀.

Èjìká Mildred kò tíì san tán tó ti padà sẹ́yìn ọkọ̀, nígbà tí wọ́n pe òun àti Philemon láti Igbotako. Charity ni, ọmọ ẹ̀ka ìjọ wa níbẹ̀, ẹni tó ń ta ẹja gbígbẹ. Ó ṣubú nídìí ọjà rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó dé, ìgò méjì ti tán lára rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí Mildred kò bi ẹnikẹ́ni, ó fi aṣọ ìnura nù ún bí àwọn ènìyàn ti ń hó lé e lórí. Òróró tó ti wọ awọ kì í tán lẹ́ẹ̀kan. Lójú ọ̀nà, ọkàn Charity dúró, Sájẹ́ńtì mú un fún ìgbà díẹ̀, ó sì yọ̀. Mildred fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, èjìká kò gbà. Philemon dá ọkọ̀ dúró sẹ́bàá oko ọ̀pẹ, ó bọ́ sẹ́yìn, ó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, Mildred ló ń sọ bí yóò ṣe ṣe é. Òógùn rẹ̀ ń kán sára obìnrin náà. Ilé ìwòsàn sì wà níbi tó wà, kò sún mọ́ wọn.

Charity kú níbẹ̀.

Philemon fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Kò fi ẹ̀rín sí i. Ó ní, "Bàbá, tí a bá dúró, a máa tẹ̀ ẹ́ dáadáa, a ò ní dé. Tí a bá ń lọ, a máa dé, ọwọ́ ò ní tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi Sájẹ́ńtì ránṣẹ́."

Láti ìgbà náà ni Mildred ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, tó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní kó wá sọ bóyá ó ń bọ̀ tàbí kò bọ̀ mọ́, kí àwọn wá ẹlòmíràn. Kò sí ẹlòmíràn. Ọkọ̀ náà wà nínú ọgbà, ewé ń já lé e lórí.

Mo lọ bá a lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyá rẹ̀ ń ṣù púpurú lẹ́yìn ilé, ọmọbìnrin rẹ̀ Jésùtófúnmi ń sùn lórí ẹní. Mildred jókòó níwájú mi, ọwọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ lórí orúnkún. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀.

"Kí lẹ máa kọ?"

"Pé ọwọ́ rẹ borí ẹ̀rọ. Pé níbi tí irin ti kùnà, ọwọ́ ọmọ ènìyàn kò kùnà."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. "Bàbá Akọ̀wé, ẹ má kọ irọ́ sí mi lọ́rùn o. Ọwọ́ mi borí kí ni? Ẹ ò rí mi bí mo ṣe ń fò kiri bí ẹ̀pà nínú agbada? Tí ọkọ̀ bá ń lọ, Sájẹ́ńtì ni mo fẹ́. Nílẹ̀, ẹ fún mi ní ilẹ̀ tó dúró, ọwọ́ mi tó. Nínú ọkọ̀, Sájẹ́ńtì. Ẹ kọ ìyẹn."

"Òróró wá ńkọ́?"

Ọwọ́ rẹ̀ yára sí i lórí orúnkún. "Mo ní aṣọ ìnura lọ́wọ́, Bàbá. Lọ́jọ́ Vincent. Mo fi padà sínú báàgì. Ọ̀wọ̀ ni mo bù. Ká ní mo nù ún lọ́jọ́ yẹn, lójú gbogbo ìjọ, tí Ìyá Àdúrà bínú sí mi, ọ̀rọ̀ á ti tán. Kò ní sí ẹni tó máa da ìgò méjì sí Charity láyà."

"Ṣé òróró ló pa Charity?"

"Mi ò mọ̀. Ó lè kú náà kí òróró má sí. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ń kú." Ó wò mí lójú. "Ṣé òróró ló jí Vincent? Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ Ọlọ́run jù mí lọ. Ẹ sọ fún mi."

Mo la ẹnu. Mo jẹ́ ẹni ọdún púpọ̀ nínú ìgbàgbọ́ yìí. Mo ti rí ibà tó fò lọ níbi tí a ti ń kọrin lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Mo gbàgbọ́ pé Ọlọ́run gbọ́ igbe wa lọ́jọ́ ìkórè. Ṣùgbọ́n mo rí rọ́bà náà tó ń yọ̀. Ojú mi ló rí i, láti fèrèsé. Tí Ọlọ́run bá wà nínú òróró, ta ló wà nínú etí sùtánà tó nù ún kúrò? Mi ò lè sọ ọ́ fún Mildred.

Ìyá rẹ̀ pè láti ẹ̀yìn ilé, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè, "Mo ti sọ fún wọn tipẹ́. Àpò tó bá ń yọ̀, irin ò lè mú un."

"Mọ́ọ̀mi, ẹ jọ̀ọ́," Mildred wí. Ó yíjú sí mi. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè dákẹ́, wọ́n ṣì ń tẹ ara wọn. "Bàbá, ẹ ṣe oore kan fún mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ẹ bá ń ka ìkéde, ẹ bá mi kà á pé tí ẹnikẹ́ni bá ṣubú, kí wọ́n fi òróró sí i níwájú orí. Iwájú orí tó fún Ọlọ́run. Kí wọ́n fi àyà sílẹ̀ ní gbígbẹ."

"Ìyá Àdúrà máa wà lórí ìjókòó iwájú. Vincent náà máa wà níbẹ̀. Wọ́n máa bi mí pé ta ló rán mi."

"Ẹ ní èmi ni."

"Wọ́n máa ní a ti sọ ìgbàgbọ́ nù."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá, ṣé ẹ ti sọ ọ́ nù?"

Mo wo Jésùtófúnmi lórí ẹní.

Ó sún mọ́ mi, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọbìnrin tó ń kí bàbá rẹ̀, ó fi ọwọ́ tí kì í sinmi yẹn di ọwọ́ mi mú. "Èmi ò lè dúró níwájú wọn, wọ́n máa pariwo mọ́ mi lórí. Ẹnu yín ni wọ́n ń wò. Tí ẹ bá kà á, màá padà sẹ́yìn ọkọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ bá mi kà á, Bàbá Akọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á."